Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀mí àìrí: ìdí tí tírélà fi ń ṣubú ní ráńdábáòtù

 Ọ̀rọ̀ ìjà la gbé wá lónìí, àmọ́ ìjà tó fẹ́ dá ẹ̀mí sí ni. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó fèsì.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Tírélà á dojú dé ní oríta. Kí eruku tó rọlẹ̀, èrò á ti pé jọ. Ẹnì kan á ní, "Ṣé mi ò ti sọ fún yín? Ibí yìí ń gba ẹ̀jẹ̀." Ẹlòmíì á ní dírẹ́bà ti mugbó, tàbí ó ti mu paraga, tàbí oorun ló gbé e lọ. Àgbàlagbà kan á mi orí, á ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́." Gbogbo wa á ṣe àmín, a ó sì túká. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ìyá alágbàdo á ti padà sí ojú ibi tó ń jókòó sí, kẹ̀kẹ́ Márúwá á ti tò síbẹ̀, tírélà míì á sì máa fi eré bọ̀ lókè.

Àwa ò gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. A ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà. Àdúrà dáa. Àmọ́ ẹni tó ń gbàdúrà kí tírélà má ṣubú, tó sì jókòó sí ibi tí tírélà máa ń ṣubú sí, kí ló ń retí? Ohun tó ń dojú tírélà dé ní ráńdábáòtù kì í ṣe iwin, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe dírẹ́bà nìkan. Ìṣirò ni. Gíga ẹrù, ìwúwo ẹrù, eré, àti bí ọ̀nà ṣe yí. Ohun tó bá sì jẹ́ ìṣirò, àwọn èèyàn kan ló ṣe é. Wọ́n lórúkọ, wọ́n ní ọ́fíìsì, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Àwa náà wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ohun tí gbogbo wa ti fojú rí. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì láti Dutse lọ sí Bwari. Dírẹ́bà yí kọ́nà sí òsì lójijì. Ara yín wọ́ sí ọ̀tún, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé ẹni ẹ̀gbẹ́ yín lẹ́sẹ̀. Ta ló tì yín? Kò sẹ́ni tó tì yín. Ọkọ̀ ló yà, ara yín ló ṣì fẹ́ máa lọ tààrà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹrù orí tírélà ṣe ń ṣe. Bí ọkọ̀ bá ti ń yí, ẹrù ò fẹ́ yí. Ó fẹ́ máa lọ síwájú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀yin lè di àga mú, àpò sìmẹ́ǹtì ò lọ́wọ́.

Ẹ tún wo obìnrin tó gbé igbá ẹrù sórí. Bí ẹrù náà bá mọ níwọ̀n, ó lè yí sọ́tùn-ún sósì bó ṣe fẹ́. Bí wọ́n bá to ẹrù náà gogoro, á máa rọra yí ni, torí ó mọ̀ pé bí òun bá fi ìkánjú yí, òkè ẹrù á lọ síbì kan, ìsàlẹ̀ á lọ síbòmíì. Ọgbọ́n tí alágbàtà ń lò lójoojúmọ́ ni tírélà ń sọnù. Ìbú tírélà kò ju bíi mítà méjì àbọ̀ lọ. Àmọ́ ẹrù orí rẹ̀ lè ga kọjá mítà mẹ́rin láti ilẹ̀. Ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì fẹ̀. Ohun tó ga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fẹ̀, kékeré ló máa ń tó láti tì í ṣubú.

Kékeré yẹn tó báwo? Ẹ mú ráńdábáòtù kan tí ojú ọ̀nà rẹ̀ jìnnà sí àárín ní mítà 20. Bí ọkọ̀ bá yí i ká ní eré kìlómítà 20 ní wákàtí kan, agbára tó ń tì í síta á tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ìwúwo ọkọ̀ náà. Bó bá sá eré 30, agbára yẹn á tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bó bá sá eré 40, ó ti kọjá ìdajì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: eré kàn di ìlọ́po méjì ni, àmọ́ agbára tó ń tì í di ìlọ́po mẹ́rin. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Dírẹ́bà rò pé òun kàn fi díẹ̀ kún un ni, kò mọ̀ pé díẹ̀ náà ti sọ ara rẹ̀ di púpọ̀.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré balẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀. Kí ó tó dojú dé, agbára tó ń tì í ní láti tó gbogbo ìwúwo rẹ̀ tàbí kó jù ú lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, táyà rẹ̀ á ti yọ̀ kó tó di pé ó dojú dé. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn irú nǹkan báyìí, pàápàá ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ọkọ̀ ńlá tó ti kún fún ẹrù, agbára tí kò tó ìdajì ìwúwo rẹ̀ lè dojú rẹ̀ dé. Èyí tí ẹrù rẹ̀ ga jù, tí wọ́n dì gátagàta, ìdá kan nínú mẹ́ta lè tó o. Ẹ padà lọ wo ìṣirò òkè yẹn. Kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Ta ló máa ń pe ìyẹn ní eré ní Abuja níbí? Ọlọ́kadà tó ń lọ ra búrẹ́dì ń sá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó wá yẹ kó bí wa nínú jù lọ nìyí. Òfin ojú pópó wa sọ pé tírélà àti táńkà ò gbọdọ̀ sá ju kìlómítà 45 ní wákàtí kan lọ láàárín ìlú. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti wà láti ọdún 1988, láti ọdún 2016 sì ni wọ́n ti ń fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ akérò àti akẹ́rù ní ẹ̀rọ tó ń dín eré kù. Ó dáa. Àmọ́ 45 tí òfin fọwọ́ sí yẹn, ẹ gbé e wọ ráńdábáòtù mítà 20, agbára tó ń ti ọkọ̀ á tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀! Tírélà lè pa òfin mọ́ láti òkè délẹ̀, kó sì dojú dé síbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń dín eré kù ò mọ̀ pé kọ́nà wà níwájú. Eré ọ̀nà títọ́ ló mọ̀. Nítorí náà, bí aláṣẹ kan bá dúró síwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tó ní "eré àsápajúdé ló fà á", kí a bi í pé: eré wo? Àmì wo lẹ gbé sí ẹnu ọ̀nà ráńdábáòtù yẹn tó sọ fún ọlọ́kọ̀ ńlá pé 20 ni kó máa lọ?

Ẹlòmíì á ní, "Ṣé dírẹ́bà ò ní mọ̀ ọ́n lára pé ọkọ̀ ti fẹ́ ṣubú ni?" Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í mọ̀ ọ́n. Orí tírélà àti ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Irin kan ló so wọ́n pọ̀ láàárín. Ẹ̀yìn ló gbé ẹrù, ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ máa ń gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀. Dírẹ́bà tó wà níwájú, orí tó jókòó sí ṣì dúró dáadáa. Nígbà tí yóò bá fi mọ̀ pé táyà ẹ̀yìn ti kúrò nílẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìdí nìyí tí Amẹ́ríkà fi ṣe òfin lọ́dún 2015 pé orí tírélà tuntun gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fura sí ìṣubú, tó máa fa bíréèkì fúnra rẹ̀ kí dírẹ́bà tó mọ nǹkan kan. Àwọn tí ọ̀nà wọn dán, tí àmì wọn pé, tí dírẹ́bà wọn kàwé, wọn ò gbà pé ojú dírẹ́bà nìkan tó. Àwa tí à ń ra tòkunbọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ títí ní ìlú àwọn òyìnbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, dírẹ́bà la ń bú.

Ráńdábáòtù tún burú ju kọ́nà lásán lọ. Ọ̀tún là ń tọ̀ ní Nàìjíríà. Tírélà tó bá fẹ́ wọ ráńdábáòtù á kọ́kọ́ yà sọ́tùn-ún, ẹrù á fì sósì. Lẹ́yìn náà á yí sósì láti yí àárín ká, ẹrù á fì padà sọ́tùn-ún pẹ̀lú agbára. Tó bá fẹ́ jáde, á tún yà sọ́tùn-ún. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, bí ọmọ tó wà lórí jangirọ́fà. Bí ẹrù náà ò bá dì dáadáa, fífì kejì á bá a níbi tí kò tíì dúró tán nínú fífì àkọ́kọ́. Bí ó bá wá jẹ́ pé wọ́n ṣe ọ̀nà náà kó dà síta kí omi òjò lè ráyè ṣàn kúrò, kóòtù ti dá ẹjọ́ ná. Bí etí ọ̀nà bá tún jẹ, tí táyà ọ̀tún bọ́ sínú kòtò lásìkò tí ẹrù ń fì sọ́tùn-ún, ó parí.

Táńkà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ gbé bàsíà omi tó kún dé ìdajì, kí ẹ sì yí lójijì. Omi á gbá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á tún gbá padà. Táńkà tó ti já epo díẹ̀ níbì kan, tó ń gbé ìyókù lọ síbòmíì, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé táńkà tó kún ìdajì fúyẹ́, kò sì léwu mọ́, ó ń tan ara rẹ̀ ni. Bí inú rẹ̀ ò bá sì ní irin tí wọ́n fi pín in sí yàrá yàrá, ńṣe ni epo á máa gbá ọkọ̀ kiri.

Kọ̀ǹténà náà ní tirẹ̀. Ihò wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìsàlẹ̀ rẹ̀, irin ìtìpa mẹ́rin ló sì yẹ kó dì í mọ́ tírélà. Kò gba wákàtí kan láti tì í. Àmọ́ ẹ bi àwọn ará Èkó léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ojúẹ̀lẹ́gbà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹténà já bọ́ láti orí afárá ibẹ̀ sórí ọkọ̀ tó wà nísàlẹ̀, èèyàn mẹ́ta kú. Ariwo sọ, ìjọba ṣèlérí. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2023, ní Ojúẹ̀lẹ́gbà kan náà, kọ̀ǹténà míì dà lé bọ́ọ̀sì akérò lórí. Èèyàn mẹ́sàn-án kú, àwọn ọmọdé wà lára wọn. Ibì kan náà, irú ohun kan náà, ọdún méje àti oṣù díẹ̀ láàárín wọn. Ṣé ẹ̀mí àìrí ló gbé kọ̀ǹténà yẹn? Àbí àwọn tó mọ̀ pé afárá náà yí, tí wọ́n sì mọ̀ pé ẹrù tí kò dì máa ń já, tí wọ́n dákẹ́?

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi Èkó ṣe ìtàn, kó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún jìnnà sí wa. Dikko ò jìnnà. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gba ibẹ̀ kọjá bí a bá ń lọ sí Kaduna. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kìíní ọdún 2025, táńkà tó gbé 60,000 lítà epo bẹntiróòlù dojú dé ní oríta Dikko. Èèyàn tó ju 80 lọ ló jóná kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ ni táńkà náà wó lù. Àwọn tó sún mọ́ ọn lẹ́yìn tó ti ṣubú ni, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ìgbà yẹn, ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Majia ní ìpínlẹ̀ Jigawa. Táńkà ṣubú, àwọn èèyàn lọ gbọ́n epo, iná sọ, ó pa èèyàn tó ju 150 lọ. Ará Dikko gbọ́ ti Majia. Gbogbo Nàìjíríà ló gbọ́ ọ. Ebi ò jẹ́ kí etí gbọ́.

60,000 lítà bẹntiróòlù yẹn nìkan wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 44, a ò tíì ka irin ọkọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn Dikko ni NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ epo, kéde pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025, táńkà tó bá ju 60,000 lítà lọ ò gbọdọ̀ gbé epo mọ́, wọ́n sì ní wọn yóò tún mú un wá sí 45,000 tó bá yá. A kí wọn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kí ló dé tó jẹ́ pé òkú la fi ń wọn táńkà? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwa kì í wò ó lókèèrè. Ìgbà tó bá ti gún ojú tán la ń wá gégé tí a ó fi wọn igi.

Ó wá kan àwa fúnra wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Àkọ́kọ́, a ti ní bí ọkọ̀ bá ń yí sósì ní ráńdábáòtù, ọ̀tún ni ẹrù ń fì sí. Ọ̀tún náà ni yóò ṣubú sí. Ta ló wà ní ọ̀tún? Àwa ni. Etí ìta ráńdábáòtù ni ìyá alágbàdo, ọmọ aláte, oní-POS, ẹni tó ń tún táyà ṣe, kẹ̀kẹ́ tó ń dúró de èrò, àti àwọn ọmọ iléèwé tó ń dúró de ọkọ̀. A gbé ọjà wa sí ojú ibi tí ìṣirò ti ní òkú máa sùn sí. A mọ ìdí tí wọ́n fi ń jókòó síbẹ̀: ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń dẹwọ́, ibẹ̀ ni oníbàárà pọ̀ sí. Kò sẹ́ni tó lè bá ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ jà. Àmọ́ kí wọ́n sún kúrò ní etí ibi yíyí, kí wọ́n lọ sí ibi tí ọ̀nà ti tọ́ padà, kò ní kí oníbàárà má rí wọn. Àti pé àwọn tó ń gba owó orí pátákó lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn, kí ni wọ́n ń gba owó náà fún? Ẹni tó gba owó ilẹ̀ lórí ibi ikú, ó jẹ nínú ikú náà.

Èkejì, àwa oníṣòwò. Púpọ̀ nínú wa ló ń ta sìmẹ́ǹtì, pákó, irin, òkúta wẹ́wẹ́, ọjà pẹ̀lẹ́bẹ́ àti ọjà gbọgbọrọ. Àwa la máa ń pe dírẹ́bà lórí fóònù pé, "Ṣé ẹ ò tíì kúrò ní Lokoja ni? Oníbàárà ń dúró o!" Àwa la máa ń ní kí wọ́n tún fi ogójì àpò sí i lórí, nígbà tí ọkọ̀ ti kún, torí owó ọkọ̀ kan náà la máa san. Àwọn tipa tó ń gbé òkúta láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Mpape, iye ìgbà tí wọ́n bá lọ tí wọ́n bọ̀ lóòjọ́ ni ọ̀pọ̀ ń fi rówó. Kí wá ni dírẹ́bà tipa á ṣe? Á sá eré ni. Ẹni tó san owó lórí iye ìrìn, eré ló rà. Bí tírélà bá wá ṣubú, a ó ní dírẹ́bà ò ní làákàyè.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Bí ẹrù bá dín kù, owó ọkọ̀ á gbówó lé ọjà. Ṣé ẹ ò rí bí ìlú ṣe le ni?" A rí i. Inú rẹ̀ la wà. Ojú irin tuntun tó ti Èkó dé Ìbàdàn láti ọdún 2021 kò tíì gbé ẹrù dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú irin tó gba Kubwa kọjá, Kaduna ló ń lọ. Orí táyà ni ọjà wa ń gbà wá láti Èkó, kò sírọ́ ńbẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣe ìṣirò kejì náà. Tírélà kan tó dojú dé, ẹrù inú rẹ̀ dà nù, àwọn kan á kó o lọ, ọkọ̀ bàjẹ́, ọ̀nà dí láti àárọ̀ di alẹ́, ọjà tó ń jẹrà nínú ọkọ̀ ẹ̀yìn jẹrà tán. Ta ló ń san gbogbo ìyẹn? Orí ọjà náà la ń fi í lé. A kàn ń san án pẹ̀lú òkú lórí ni. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹlòmíì á ní, "Àlejò ni wá níbí. Ìlú Gbagyi ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn wá jù. Òótọ́ ni pé Gbagyi ló ni ilẹ̀, a sì bọ̀wọ̀ fún wọn. Àmọ́ àwa tí a ti bímọ síbí, tí àwọn ọmọ wa ń lọ sí iléèwé níbí, tí à ń dìbò yan alága Bwari Area Council àti kánsẹ́lọ̀, tí à ń san owó ṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún, àlejò wo ló kù? Tírélà kì í béèrè ìlú èèyàn kó tó wó lù ú. Ìyá Gbagyi tó ń ta iṣu àti ìyá Ìjẹ̀bú tó ń ta gààrí, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n jókòó sí. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló yẹ kó pa wá pọ̀.

Kí la wá ń fẹ́? A ò fẹ́ kí wọ́n bá wa kẹ́dùn. A fẹ́ nǹkan tí ojú lè rí.

Lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ: kí àmì tó sọ iye eré fún ọkọ̀ ńlá wà ní ẹnu gbogbo ráńdábáòtù àti kọ́nà tó le ní agbègbè Bwari, kó má jẹ́ pé iye eré gbogbo ìlú nìkan ni wọ́n kọ. Kí wọ́n tún etí ọ̀nà tó ti jẹ ṣe, kí òjò tó sọ ọ́ di kòtò. Kí wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn ọlọ́jà tí wọ́n bá ní kí wọ́n sún kúrò, kó má jẹ́ pé ọjà lásán ni wọ́n á wá dà nù. Kí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tó ń dá ọkọ̀ dúró wo òkè ẹrù àti irin ìtìpa kọ̀ǹténà, kí wọ́n má kàn béèrè ìwé.

Lọ́wọ́ àwọn tó lọ́kọ̀: ẹ yé san owó dírẹ́bà lórí iye ìrìn nìkan. Ẹ jẹ́ kí ohun tó wúwo wà nísàlẹ̀, kí ohun tó fúyẹ́ wà lókè. Ẹ so ó. Ẹ má gbé èèyàn àti màlúù gun orí ẹrù.

Lọ́wọ́ àwa fúnra wa: ẹni tó ń ra ọjà nínú wa, kó má ṣe pe dírẹ́bà lójú ọ̀nà láti lé e. Ẹni tó ń tajà, kó kúrò ní etí ìta ibi yíyí. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kékeré, kó má fi ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tírélà nínú ráńdábáòtù. Kó dúró kó kọjá tán. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Bí táńkà bá sì ṣubú, ẹ sá. Ẹ kó àwọn ọmọ yín, kí ẹ sá. Epo tó dà sílẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn. Ẹni tó bá rí ọmọ Yorùbá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì níbẹ̀, kó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó bú u bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ó sàn kó bínú sí wa ju ká máa sin ín lọ.

Ní ti àwọn àgbà wa tó ń sọ pé ibì kan ń gba ẹ̀jẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìgbà tí a bá ti ní ilẹ̀ ló ń gba ẹ̀jẹ̀, a ti dá ẹni tó kó ẹrù àkójù sílẹ̀, a ti dá ẹni tí kò ti kọ̀ǹténà sílẹ̀, a ti dá ẹni tó jẹ́ kí ọ̀nà jẹ sílẹ̀. Ilẹ̀ ò lè lọ sí kóòtù. Àwọn yẹn lè lọ.

Ẹ̀yin tó mọ ráńdábáòtù tàbí kọ́nà tí tírélà ti máa ń ṣubú ní àdúgbò yín, ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ sísàlẹ̀ níbí, kí ẹ sọ bí etí ọ̀nà ṣe rí, àti iye ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ọwọ́ ìta. A ó kó o jọ, a ó sì gbé e lọ bá kánsẹ́lọ̀ pẹ̀lú àwọn onílẹ̀ tó bá fẹ́ bá wa lọ. Bí ẹ ò bá gbà pẹ̀lú ohun tí a kọ, ẹ fèsì. Àmọ́ kí èsì yín má jẹ́ "Ọlọ́run á ṣe é". Ọlọ́run ti ṣe tirẹ̀. Ó fún wa lójú, ó fún wa ní ìṣirò. Ó ku tiwa.

Ọlọ́run á bá wa mú ara wa délé láyọ̀ o. Ẹ rọra wakọ̀.